Bàbáńlá ọkọ mi wá láti Jámánì: báwo la ṣe máa mọ abúlé rẹ̀ gan-an?

Ìyá Bùnmi_Milwaukee
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Krueger ni orúkọ ìdílé ọkọ mi, ìpínlẹ̀ Wisconsin ni wọ́n sì ti wà láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọmọ ní àwọn mọ orílẹ̀ àwọn ní ìhà tèmi, àwọn fẹ́ mọ ti bàbá àwọn náà. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa rèé: August ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ìwé ìkànìyàn 1870 ní "Prussia" ni wọ́n ti bí i. Ti 1900 ní "Germany", ó sì ní ọdún 1868 ló wọ Amẹ́ríkà. Àwọn àgbà ilé ní ará Berlin ni, pé àwọn akọ̀wé Ellis Island ló sọ Krüger di Krueger. Ṣé ká kọ̀wé sí Berlin ni?

Olùtọpa
Ẹ má kọ̀wé sí Berlin, ẹ má sì tíì kọ̀wé síbì kankan ní Jámánì. Bí àlejò bá dé Ìbàdàn tó ní òun ń wá ẹbí òun, tó ní "ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n", ta ló máa dá a lóhùn? Ìlú wo, agboolé wo, ni wọ́n máa bi í. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Jámánì. Kò sí ilé kan tí wọ́n kó ìwé gbogbo orílẹ̀-èdè náà jọ sí. Ìjọ abúlé kọ̀ọ̀kan ló ń kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀. Ìjọba ò bá wọn dá sí i jákèjádò títí di 1 October 1874 ní Prussia, àti 1 January 1876 ní ìyókù ilẹ̀ ọba náà. August ti lọ kí èyí tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà inú ìwé ìjọ nìkan ni ìbí rẹ̀ wà.

Orúkọ abúlé lẹ ń wá, Wisconsin níbẹ̀ lẹ sì ti máa rí i.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ná. Ellis Island ò tíì ṣí nígbà náà. 1 January 1892 ló ṣí. Bó bá jẹ́ New York ló gbà wọlé ní 1868, Castle Garden ni wọ́n ti gbà á. Àwọn akọ̀wé èbúté kì í sì í fún èèyàn lórúkọ: ìwé orúkọ èrò tí wọ́n ti kọ ní èbúté tí ọkọ̀ ti gbéra ni wọ́n fi ń pe èèyàn. "Ue" gan-an ni àwọn ará Jámánì fi ń rọ́pò "ü" tí àmì orí rẹ̀ kò bá sí. Kò sẹ́ni tó yí nǹkan kan padà níbẹ̀.

Ní ti Berlin, ìdí méjì wà tí mi ò fi ní gbà á. Ẹni tó ti abúlé tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wá máa ń dárúkọ ìlú ńlá tó bá sún mọ́ ọn jù, bí ará Ìkirè ṣe lè sọ fún òyìnbó pé Ìbàdàn ni òun ti wá. Ìdí kejì ni pé Berlin wà ní Wisconsin náà. Ìlú kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Green Lake County, òmíràn wà ní Marathon County, New Berlin sì wà lẹ́bàá Milwaukee. Bí ìwé ìròyìn bá ní "ó ti Berlin wá", ẹ béèrè pé Berlin wo.

"Prussia" náà ò sọ nǹkan púpọ̀. Láti etí odò Rhine títí dé ẹnu ààlà Rọ́ṣíà ni ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ dé. Ní 1866 ó tún gba Hannover, Hessen-Kassel àti Nassau mọ́ra. Ẹni tí ìwé 1860 pè ní ọmọ Hannover tí ti 1870 sì pè ní ọmọ Prussia lè jẹ́ ẹnì kan náà. Ilé rẹ̀ ò kúrò níbi tó wà, ọba ló yí padà.

Àjọkẹ́_Ìkàwé
Mo gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lé ìwé ìjọ ní Wisconsin. Àwọn pásítọ̀ ìjọ Luther ìgbà yẹn, ará Jámánì ni púpọ̀ nínú wọn, èdè Jámánì ni wọ́n fi ń kọ̀wé, wọ́n sì máa ń kọ orúkọ abúlé nítorí pé wọ́n mọ ìwúlò rẹ̀. Ìwé ìsìnkú ló dára jù, ìgbéyàwó ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìsàmì àwọn ọmọ. Bí ìjọ náà bá ti kógbá sílé, ẹ bi ìjọ tó gba àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀, tàbí ibi tí síńọ́dù wọn ń kó ìwé àtijọ́ pa mọ́ sí. Àwòrán ojú ìwé fúnra rẹ̀ ni kí ẹ béèrè fún. Ẹni tó bá bá wọn tú u sí Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fo orúkọ abúlé tí kò lè kà, orúkọ yẹn gan-an lẹ sì ń wá.

Ìwé ìsìnkú míì kì í kọ ọjọ́ ìbí. Iye ọdún, oṣù àti ọjọ́ tí olóògbé lò láyé ló máa kọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọjọ́ ikú, kì í ṣe ọjọ́ ìsìnkú, kí ẹ sì fi ọjọ́ méjì mẹ́ta sílẹ̀ fún àṣìṣe, torí pé pásítọ̀ náà lè ti ṣi ìṣirò ṣe.

Lẹ́yìn èyí, òkúta ibojì: ibi tí "geb." bá wà, "tí a bí" ló túmọ̀ sí, orúkọ ibì kan lè tẹ̀ lé e. Ìkéde ikú nínú ìwé ìròyìn èdè Jámánì sábà máa ń gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, Milwaukee ò sì ṣaláìní irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ikú ti ìjọba ńkọ́? 1 October 1907 ni Wisconsin tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ jákèjádò ìpínlẹ̀. Àwọn ti ìṣáájú wà díẹ̀díẹ̀, Wisconsin Historical Society ní atọ́ka wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tẹ Jámánì rí ló sábà máa ń dáhùn ìbéèrè tó wà nínú ìwé ẹ̀rí ikú. Ẹ má fi gbogbo ara gbé e.

Dókítà_Ìwé_Àtijọ́
Ìwé dídi ọmọ Amẹ́ríkà ńkọ́, Àjọkẹ́? Ó yẹ kó wà níbẹ̀.

Àjọkẹ́_Ìkàwé
Ó wà, ṣùgbọ́n kò lè fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Kí 27 September 1906 tó dé, ilé-ẹjọ́ èyíkéyìí ló lè ṣe é, ohun tó sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀ kò ju pé ẹni náà kọ ọba Prussia sílẹ̀. Abúlé kì í sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ ìbí, ibi ìbí àti orúkọ ọkọ̀. Ẹni tí bàbáńlá rẹ̀ dé ní 1910 lè fi èyí ṣáájú. Ẹni tó dé ní 1868, kó fi sẹ́yìn.

Nǹkan kan wà tó jẹ́ ti Wisconsin, tó ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Títí di 1908, àjèjì tó bá ti kọ ìwé àkọ́kọ́, èyí tó sọ pé òun fẹ́ di ọmọ Amẹ́ríkà, lè dìbò níbẹ̀. Torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ò fi padà lọ gba ìwé kejì. Ẹ wo ìkànìyàn 1900 yẹn dáadáa: "Na" ni ẹni tó ti parí ètò, "Pa" ni ẹni tó dúró sórí ìwé àkọ́kọ́, "Al" ni ẹni tí kò ṣe ìkankan. Bó bá jẹ́ "Pa" ni wọ́n kọ sí August, ẹ má fi oṣù mẹ́fà wá ìwé kejì tí kò sí. Bó bá sì jẹ́ pé òfin Homestead ti 1862 ló fi gba ilẹ̀, fáìlì ilẹ̀ yẹn wà ní National Archives, ẹ̀dà ìwé wọ̀nyí sì máa ń wà nínú rẹ̀.

Ọmọ_Olókun
Ọkọ̀ ojú omi ni tèmi. Ìwé èrò tí wọ́n kọ ní Amẹ́ríkà sábà máa ń kọ orílẹ̀-èdè nìkan. Èyí tí wọ́n kọ ní Hamburg ló ń kọ ìlú, ó sì wà láti 1850 títí dé 1934. Ẹ kíyè sí i pé ibi tí èrò ń gbé kẹ́yìn ló ń kọ, ìyẹn lè má jẹ́ ibi tí wọ́n ti bí i. Oríṣi méjì ló wà: ti àwọn ọkọ̀ tó lọ tààrà, àti ti àwọn tó gba èbúté mìíràn kọjá, pàápàá Hull títí dé Liverpool. Ẹni tó bá wo ti tààrà nìkan lè má rí ẹni tó ń wá.

Bremen ló dunni. Wọ́n da púpọ̀ nínú ìwé rẹ̀ nù torí pé kò sí àyè, ogun àgbáyé kejì sì gba èyí tó kù. Ti 1920 sí 1939 ló ṣẹ́ kù. Bí August bá gba Bremen kọjá ní 1868, ìwé ti Amẹ́ríkà nìkan ló lè rí.

Ẹ má sì fi New York há ara yín mọ́. Baltimore ń gba ọkọ̀ Bremen lásìkò yẹn gan-an, ojú irin sì ń gbé èrò láti ibẹ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Quebec náà jẹ́ ọ̀nà fún àwọn tó ń lọ Wisconsin, ìwé èrò rẹ̀ sì wà láti 1865.

Nígbà tí ẹ bá ń wá a, orúkọ August Krüger nìkan máa kó yín sínú igbó. Krüger ni ẹni tó ń bójú tó ilé ọtí abúlé, abúlé wo ni kò ní in? Ẹ wo ẹni tó bá a rìn: ìyàwó, àbúrò, ọmọ ọdún mẹ́ta, kí ẹ fi ọjọ́ orí wọn wé ti ìkànìyàn. Kí ẹ sì ka gbogbo ojú ìwé náà látòkè dé ìsàlẹ̀, nítorí ará abúlé kan náà sábà máa ń jọ wọkọ̀.

Olùtọpa
Kókó rèé. Bí ẹ ò bá rí abúlé August, ẹ wá abúlé àwọn tó yí i ká. Ta ni bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì àwọn ọmọ rẹ̀? Ta ló jẹ́rìí nígbà ìgbéyàwó rẹ̀? Àwọn wo ni oko wọn bá tirẹ̀ pààlà? Àwọn wọ̀nyí sábà jẹ́ ẹbí tàbí ará ilé kan náà. Tí mẹ́ta nínú wọn bá ti àgbègbè kan wá, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ìyá Bùnmi_Milwaukee
Ẹ ṣeun gan-an! Ìjọ fi àwòrán ojú ìwé ìsìnkú rẹ̀ ránṣẹ́. Ohun tí a rí kà ni: "geb. 14. 8ber 1843 in Gr. Sabow, Kr. Naugard". Ṣé ọjọ́ 14 oṣù August 1843 ni? A ò sì rí Naugard lórí máàpù Jámánì rárá.

Dókítà_Ìwé_Àtijọ́
Ẹ kú oríire! Ṣùgbọ́n oṣù August kọ́ o, October ni. Láti inú orúkọ àwọn oṣù ní Látìn ni wọ́n ti mú un: septem ni méje, octo ni mẹ́jọ. 7ber ni September, 8ber October, 9ber November, 10ber tàbí Xber sì ni December. Ọ̀pọ̀ àtẹ ìran tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti kọsẹ̀ níbí.

"Gr." ni Groß, ìyẹn ńlá, bẹ́ẹ̀ ni "Kl." jẹ́ Klein, kékeré. Ẹ má yọ ọ́ kúrò, torí pé abúlé ńlá àti kékeré tó jọ ń jẹ́ orúkọ kan lè wà ní ìjọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. "Kr." ni Kreis, ìpín ìjọba tó ju abúlé lọ.

Akin_Hamburg
Pomerania nìyẹn, àgbègbè Prussia kan létí òkun Baltic, Naugard sì ti di Nowogard ní Poland láti 1945. Groß Sabow ni wọ́n ń pè ní Żabowo báyìí. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Jámánì tó tẹ Wisconsin dó ló ti Pomerania wá. Àwọn ọmọ ìjọ Luther àtijọ́ láti ibẹ̀ ló dá Freistadt sílẹ̀ ní 1839, kò jìnnà sí Milwaukee.

Ohun tí ẹ máa ṣe báyìí: ẹ lọ sí ìkànnì meyersgaz.org, ẹ tẹ Sabow. Ìwé atọ́ka àwọn ìlú ilẹ̀ ọba Jámánì ṣáájú ogun àgbáyé kìíní ló wà níbẹ̀. Ẹ yan èyí tó wà ní Kreis Naugard, ẹ má yan èyí tó kọ́kọ́ jáde. Ó máa sọ fún yín ibi tí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, Standesamt, wà, àti bóyá ìjọ wà lábúlé náà tàbí wọ́n ń lọ sí tòsí. Ìkànnì Kartenmeister máa ń fi orúkọ Jámánì wé ti Poland fún ìlà oòrùn odò Oder àti Neisse.

Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí ìkànnì àwọn ibi ìkówèépamọ́ Poland, "Szukaj w Archiwach". Ọ̀fẹ́ ni. Ti Szczecin ló kan àgbègbè yín. Ẹ fi orúkọ Poland àti ti Jámánì wá a, torí pé àkọlé fáìlì lè wà ní èyíkéyìí. FamilySearch náà jẹ́ ọ̀fẹ́ bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀. Àwòrán kan wà tó jẹ́ pé inú ilé ìwádìí wọn nìkan ni wọ́n ti ń jẹ́ kéèyàn wò ó. Ẹgbẹ́ Pommerscher Greif ní atọ́ka tiwọn fún Pomerania. Archion ń gbowó, ìwé ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ló pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ẹ wò ó bóyá ìjọ yín wà lórí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Matricula jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ìjọ Àgùdà ló pọ̀ jù níbẹ̀, kò lè fi bẹ́ẹ̀ ran ọmọ Luther láti Pomerania lọ́wọ́.

Dókítà_Ìwé_Àtijọ́
Ẹ múra sílẹ̀ pé ìwé ìjọ náà lè ti ṣègbé. Púpọ̀ nínú ìwé ìjọ Pomerania ò là á já ní 1945. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má sọ̀rètí nù, ọgbọ́n kan wà. August lọ ní 1868, ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ lè ti dúró sílé. Bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá kú lẹ́yìn 1 October 1874, ikú náà wọ ìwé Standesamt. Ìwé ikú Prussia ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ̀: ọjọ́ orí olóògbé, ibi tí wọ́n bí i, orúkọ ọkọ tàbí aya, àti orúkọ bàbá àti ìyá olóògbé, bí ẹni tó wá sọ̀rọ̀ ikú bá mọ̀ ọ́n. Ìran méjì lẹ máa rí nínú ìwé kan ṣoṣo, láìfọwọ́ kan ìwé ìjọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ tó ṣègbéyàwó níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún náà tún wà: ìwé ìgbéyàwó máa ń kọ orúkọ àwọn òbí àti ibi tí wọ́n ń gbé.

Adékẹ́mi_Kurrent
Nípa ọwọ́ ìkọ̀wé. Kurrent ni wọ́n ń pe ọwọ́ ìkọ̀wé Jámánì àtijọ́. Ẹ má retí pé ẹ máa kà á bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. "e" jọ "n" gan-an. "u" ní ìlà kékeré tó tẹ̀ lórí, òun ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí "n", ẹ má sì rò pé àmì "ü" ni. "h" ga sókè ó sì tún wọlẹ̀. "s" tó wà láàárín ọ̀rọ̀ gùn bí "f".

Ẹ gba fọ́ǹtì Kurrent sórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi tẹ orúkọ ìdílé yín, orúkọ abúlé, àti ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: geboren (bí), getauft (ṣe ìsàmì fún), getraut tàbí kopuliert (ṣègbéyàwó), gestorben (kú), begraben (sin), ledig (àpọ́n tàbí wúńdíá), Witwe (opó). Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé, kí ẹ máa wá bó ṣe rí kí ẹ tó wá ìtumọ̀ rẹ̀. Transkribus, ẹ̀rọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ka ìwé àfọwọ́kọ, lè bá yín kà á, ṣùgbọ́n orúkọ èèyàn àti ti abúlé ni ẹ̀rọ náà máa ń ṣì kà jù. Bí ẹ bá rí àmì: * ni ìbí, † ni ikú, ∞ ni ìgbéyàwó.

Bàbá_Olórúkọ
Orúkọ ìsàmì náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ilé kan lè ní ọmọkùnrin mẹ́rin tí gbogbo wọn ń jẹ́ Johann: Johann August, Johann Friedrich, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ kejì ni wọ́n ń pe ọmọ nílé, Rufname ni wọ́n ń pè é. Pásítọ̀ míì máa ń fa ìlà sí i nídìí. Nítorí náà bí ẹ ò bá rí August, ẹ wá Johann August, ẹ wá Carl August. Bí ẹ bá sì rí August méjì lọ́mọ òbí kan náà, ẹ wo ìwé ikú: àkọ́kọ́ lè ti kú ní kékeré, kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ àbúrò.

Orúkọ ìdílé obìnrin lè gba "-in" nídìí nínú ìwé àtijọ́, kí Krüger di Krügerin. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti gé e. Kọ́ńsónáǹtì náà máa ń gbapò ara wọn: B àti P, D àti T, G àti K.

Fún àwọn tí tiwọn wá láti Westphalia, àgbègbè kan ní ìwọ̀ oòrùn Jámánì: níbẹ̀, oko ló ń sọ èèyàn lórúkọ. Ọkùnrin tó bá gbé obìnrin tó jogún oko níyàwó lè gba orúkọ oko náà, kí àwọn ọmọ máa jẹ́ orúkọ ilé ìyá. Ìwé á kọ "genannt", ìyẹn "tí wọ́n ń pè ní", láàárín orúkọ méjèèjì. Ó lè ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti gbà, àmọ́ ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ìran ti gé.

Tèmilólúwa
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn ọmọ wọn lè fi èyí gba páálí Jámánì?

Akin_Hamburg
Rárá, kò lè ṣeé ṣe nípasẹ̀ August. Òfin 1870 ní ẹni tó bá ti gbé ní òkèèrè fún ọdún mẹ́wàá láìforúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ kọ́ńsúlù kì í ṣe ọmọ Jámánì mọ́. 1 January 1914 ni òfin tuntun tó mú ìyẹn kúrò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó kúrò ṣáájú 1904 sábà máa ń já síta. Ẹni tí tirẹ̀ lọ lẹ́yìn náà ni kó máa wádìí.

Ọmọ_Bahia
Ẹ fún àwa tí a wà ní Brazil náà ní tiwa. Ìgbà tí àwọn ará Jámánì dé São Leopoldo ni 25 July 1824, Blumenau tẹ̀ lé e ní 1850. Ìjọba Brazil ò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí jákèjádò títí di 1889, nítorí náà ìwé ìjọ Luther ní Rio Grande do Sul àti Santa Catarina ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Orúkọ ti yí sí Potogí: Heinrich di Henrique, Wilhelm di Guilherme. Ìwé èrò Hamburg náà ní àwọn ọkọ̀ tó lọ Brazil.

Olùtọpa
Fún àwọn tí abúlé wọn ṣì wà ní Jámánì lónìí: ìwé ìbí tó ti lé ní ọdún 110, ìgbéyàwó tó lé ní 80, àti ikú tó lé ní 30 ti kúrò ní Standesamt lọ sí ibi ìkówèépamọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ ímeèlì sí. Ní Poland, 100 ni fún ìbí, 80 fún ìgbéyàwó àti ikú. Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti abúlé, ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi gbólóhùn yìí sí i: "Ich bitte um eine Kopie des Originaleintrags mit allen Randvermerken." Ẹ̀dà ojú ìwé gan-an lẹ ń béèrè pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá béèrè fún ìwé ẹ̀rí lásán, wọ́n á tẹ tuntun fún yín, ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìgbéyàwó tàbí ikú ẹni náà, lè má sí nínú rẹ̀.

Ìyá Bùnmi_Milwaukee
Mo ti gbọ́. A máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ikú àwọn òbí August láti 1874 sókè, Żabowo àti Groß Sabow méjèèjì.

Dókítà_Ìwé_Àtijọ́
Ẹ ka atọ́ka tó wà lẹ́yìn ìwé ọdún kọ̀ọ̀kan bó bá wà. Bí kò bá sí, ẹ ṣí i lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Standesamt abúlé kì í sábà ní ikú tó pọ̀ lọ́dún kan.